Ẹ̀rí Tí A Ń Jẹ́ àti Ẹni Tí Ó Jókòó Tì Wá

  A ti ṣèlérí nínú ìwé wa tí ó jáde kẹ́yìn pé a ó ròyìn rìtíríìtì tí a ṣe ní Ọ̀fà: iye àwa tí a wá, iye aṣọ tí a rẹ, ohun tí a jẹ àti ibi tí a sùn. Ìròyìn yẹn kò pẹ́ láti kọ. A pé 73, kàmpálà tí a rẹ kún okùn mẹ́rin, òjò rọ̀ ní alẹ́ Sátidé, ọbẹ̀ sì dùn.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí a kò lè fi sí abẹ́ ìròyìn, tí a kò sì lè gbàgbé. Ìbéèrè ni ó sọ sí wa lọ́kàn. A ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ náà, a sì fẹ́ kí ẹ bá wa gbé e díẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run bá yọ ènìyàn nínú ewu, kí ni ó tọ́ kí ó sọ nípa rẹ̀ níwájú ẹni tí ewu kan náà pa ènìyàn tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé òwúrọ̀ wà fún àdúrà, Bíbélì kíkà àti ẹ̀rí. Ọ̀sán wà fún iṣẹ́ ọwọ́. Ètò òwúrọ̀ wà lọ́wọ́ àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí wọ́n gbà pé olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ṣì lè fi ojú lásán mú kí kíláàsì dákẹ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé, arábìnrin kan dìde. Ọmọ Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ó ti kó lọ sí Ìbàdàn. Ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ oore kan tí òun kò tíì dúpẹ́ rẹ̀ ní gbangba rí. Ó mú wa padà sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018.

Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀fà kò nílò àlàyé ọjọ́ náà. Nítorí ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà jíjìn ni a ṣe ń sọ ọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ní ọdún yẹn. A kò tíì ká aṣọ Àjíǹde sínú àpótí tán. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, àwọn adigunjalè wọ ìlú, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ń ti ilé ìfowópamọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ọlọ́pàá 9 ni wọ́n pa. Bí a bá ka àwọn ará ìlú àti àwọn oníbàárà mọ́ wọn, àwọn tí ó kú lé ní 30. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dájọ́ ikú fún ọkùnrin márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà nígbà yẹn tí àwọn ẹbí ti sin òkú wọn.

Arábìnrin wa ní òun ń lọ sí ilé ìfowópamọ́ ní ìrọ̀lẹ́ náà láti gba owó ilé ìwé ọmọ. Kò tíì rìn jìnnà tí okùn bàtà rẹ̀ fi já. Inú bí i, ó yà sọ́dọ̀ ṣúmékà kan, ó jókòó lórí àpótí pé kí ó bá òun rán an. Ibẹ̀ ni ó wà tí ìbọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Bàtà tí ó já ni Ọlọ́run fi dá ẹ̀mí mi sí," ni ó wí, omi sì wà lójú rẹ̀. Bí ó bá ti dúró síbẹ̀ ni, a kì bá tí ní ẹjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé: "Ẹni tí ó bá mọ Ọlọ́run tí ó ń sìn, tí kì í fi àdúrà òwúrọ̀ ṣeré, kò lè kú irú ikú yẹn láéláé."

A hó "Halelúyà." Ẹ má ṣe rò pé ẹlòmíràn ni ó gbé orin tí ó tẹ̀lé e. Àwa ni. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ wa, a kọrin, a jó títí gèlè wa fi tú.

Ní ìlà kẹta, Màmá tí yóò kọ́ wa ní kàmpálà lọ́sàn-án jókòó, ó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wa. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan, tí ó gbà tọ́ láti kékeré, wà lára àwọn tí ó kú ní ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Àwa gan-an mọ̀, nítorí a lọ kí i nígbà náà, a sì jókòó lórí ẹní ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní wákàtí tí ó yẹ kí a rántí, ijó ni a ń jó.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò. Màmá pín aṣọ funfun fún wa, ọ̀pá méjì-méjì, ó sì fi bí a ti ń dì í hàn wá: àwọn kan ń fi òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi òwú so ó, àwọn kan ń ká a bí ọ̀já, àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ rán an ṣùùrù-ṣùùrù. Ó kìlọ̀ gidigidi nípa kọ́sítíìkì sódà. Omi ni kí a kọ́kọ́ bù sínú ọpọ́n, kí a wá máa da sódà sínú omi díẹ̀díẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ da omi lé sódà lórí, kí ó má baà ta sí ojú ẹni. Ìbọ̀wọ́ ṣe dandan. Ó ní bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, bí àwọ̀ ewé ni yóò rí, kí ẹnikẹ́ni má pariwo pé ó ti bàjẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, yóò di búlúù. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ewé ẹ̀lú ni àwọn ìyá wa fi ń rẹ adìrẹ kí ẹnikẹ́ni tó mọ aró inú agolo. Ìko ni wọ́n fi ń so oníko, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n sì fi ń ya ẹlẹ́kọ.

Arábìnrin oníbàtà wá jókòó ti Màmá, nítorí ó fẹ́ mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Kò mọ ohun kan. Wọ́n ń so aṣọ lọ, olúkúlùkù ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Màmá wá béèrè pé:

"Ọmọ mi, bàtà ẹsẹ̀ wo ni ó já lọ́jọ́ yẹn?"

"Tòsì ni, mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Tuntun ni ti ọmọ tèmi tí ó lọ."

Ọwọ́ arábìnrin náà dúró. Ó wo Màmá, ó wo wa, ó tún wo Màmá. Kò sí ẹni tí ó rí ọ̀rọ̀ sọ. Màmá na ọwọ́, ó fa òwú tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "So ó le. Bí ó bá dẹ̀, aró yóò wọ ibi tí a kò fẹ́ kí ó wọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tí ń bá ènìyàn jà.

Àwa kò sùn lóru ọjọ́ náà. A dá ẹ̀rí náà wò ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí a ti máa ń ṣe sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Pé bàtà já, òótọ́ ni. Pé Ọlọ́run ni ó dá a sí, àwa náà gbà á gbọ́. Níbo wá ni ó ti ṣìnà? Ibi tí ó ti kúrò nínú ohun tí ó rí ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an bí a ti ń pè é: ẹ̀rí, ẹlẹ́rìí. Ní kóòtù, ohun tí ojú ẹlẹ́rìí rí àti ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni wọ́n ń bi í. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tí ó jẹ̀bi àti ẹni tí ó jàre, adájọ́ yóò ní kí ó dákẹ́, iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn. Arábìnrin wa jẹ́ ẹlẹ́rìí bàtà tirẹ̀. Kò sí ní ilé ìfowópamọ́, kò mọ bí àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti gbàdúrà ní òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó fún un ní ìwé tí Ọlọ́run kọ ìdí rẹ̀ sí.

Olúwa wa pàápàá kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàyè. Ẹ ṣí ìwé Lúùkù orí 13. Ilé ìṣọ́ kan wó ní Sílóámù, ó pa ènìyàn 18. Ó bi àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni ó pọ̀ jù ní Jerúsálẹ́mù, òun fúnra rẹ̀ sì dáhùn pé rárá. Kò sọ ìdí tí ilé náà fi wó. Ohun tí ó ṣe ni pé ó yí ọ̀rọ̀ náà kọjú sí àwọn tí ó ń bẹ láàyè, pé kí àwọn náà ronú pìwà dà. Ó ti tó 40 ọdún tí a ti ń kọ́ ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ibi kíkà yìí, síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó wúlò fún wa, ẹ̀rọ gbohùngbohùn gba gbogbo ọwọ́ wa.

Ibòmíràn tún wà tí ó ń dà wá láàmú jù ú lọ. Gbogbo wa ni a mọ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Áńgẹ́lì mú Pétérù jáde nínú ẹ̀wọ̀n, ó wá kan ilẹ̀kùn ilé Màríà ìyá Jòhánù Máàkù, Ródà ọmọdébìnrin sì fi ayọ̀ gbàgbé láti ṣí ilẹ̀kùn. A ti fi ṣe eré orí ìtàgé, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí Ródà. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ orí kan náà, Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Ẹsẹ kúkúrú kan ṣoṣo ni. Ṣé ìjọ kò gbàdúrà fún Jákọ́bù ni? Ẹ wá rò ó wò: ìyá Jákọ́bù, aya Sébédè, tí ó ti bẹ Jésù nígbà kan rí pé kí àwọn ọmọ òun méjèèjì jókòó ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Bí ó bá ṣì wà láyé, tí ó sì wà nínú ilé yẹn ní òru tí Pétérù kanlẹ̀kùn, irú orin wo ni à bá gbé tí òun náà yóò lè bá wa kọ? Kì í ṣe pé kí Pétérù má wọlé. Kí ó wọlé, kí ó sì ròyìn. Bí ẹ bá tún ka ibẹ̀, ẹ ó rí i pé bí Olúwa ti mú òun jáde nínú ẹ̀wọ̀n nìkan ni ó sọ. Kò mẹ́nu kan ohun tí òun ní tí Jákọ́bù kò ní.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn olórí wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ẹgbẹ́ kò fara mọ́ ọn. A fẹ́ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Wọ́n ní, "Bí ẹ bá fi ìjánu sí ẹnu ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore, láìpẹ́ kò ní sí ẹni tí yóò dúpẹ́ mọ́. Ẹni tí ó wà nínú ìṣòro nílò láti gbọ́ pé Ọlọ́run ṣì ń ṣe é. Ẹ̀rí ẹlòmíràn ni èmi fi dìde lórí ibùsùn àìsàn." Òótọ́ ni. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá rí ìwòsàn, ẹyọ kan ni ó padà wá dúpẹ́, Olúwa sì béèrè àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ìdí nìyí tí a kò fi lè sọ pé kí ẹnu dákẹ́. Èrò wa ni pé ẹyọ kan tí ó padà wá yẹn wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù, ó dúpẹ́, kò sì dìde láti sọ ìdí tí àwọn adẹ́tẹ̀ ìlú kejì kò fi rí ìwòsàn. Ìyá Ẹgbẹ́ ní a fẹ́ràn àríyànjiyàn ju bí ó ti yẹ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì. Ìyẹn náà lè jẹ́ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ náà rán wa létí ẹ̀ṣẹ̀ tiwa, nínú kíláàsì. Ní ọdún kan tí èsì ìdánwò dé, a sọ fún àwọn ọmọ tí ó yege pé nítorí pé wọ́n gbàdúrà ni. Ọmọbìnrin kan tí kò yege nawọ́ sókè pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èmi kò gbàdúrà ni?" A ní kí ó jókòó. Títí di òní a kò tíì dá a lóhùn.

A kò lè wà ní Ọ̀fà kí a má rántí Mọrèmi, tí ìtàn sọ pé ọmọ ibẹ̀ ni kí ó tó fẹ́ ọkọ sí Ifẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, ó mọ àṣírí àwọn tí ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú, ìlú ṣẹ́gun, odò sì béèrè Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Àwa Kristẹni kò lè gba ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé, bí a kò ti lè yin ẹ̀jẹ́ Jẹ́fítà nínú Bíbélì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìtàn náà sọ pé àwọn ará Ifẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n kò sọ fún ìyá náà pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, wọn kò sì sọ pé kí ó nu ojú kí ó wá jó ijó ìṣẹ́gun. Wọ́n ní gbogbo àwọn yóò di ọmọ rẹ̀. Ó dùn wá díẹ̀ pé àwọn tí kò mọ Krístì mọ èyí ṣe.

Ní ti ìdílé ìgbàgbọ́ tiwa, ẹ jẹ́ kí a rántí Susanna Wesley. Gbogbo ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó ti gbọ́ bí ilé wọn ní Epworth ti jóná ní oṣù kejì ọdún 1709, tí wọ́n sì fa John, ọmọ ọdún márùn-ún, jáde ní ojú fèrèsé. Ẹ̀rí ńlá ni. Nínú ọmọ 19 tí ìyá náà bí, 9 kú ní ìkókó. Ẹnu kan náà ni ó fi dúpẹ́ fún John, tí ó sì fi pe orúkọ àwọn tí ó sin.

Ẹ jẹ́ kí a padà sábẹ́ igi máńgòrò, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ní rìtíríìtì kàn jẹ́ ohun tí a fi ń lé oorun ọ̀sán lọ ni. Àwa náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn. Níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ní ìparí. Wàhálà dé, a gbàdúrà, wàhálà lọ, ẹ bá mi yin Olúwa. Ẹni tí wàhálà rẹ̀ kò tíì lọ kì í dìde, nítorí kò mọ ibi tí yóò parí rẹ̀ sí tí wọn yóò fi pàtẹ́wọ́. Lórí ẹní ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ojú wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń dúró de "Halelúyà." Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá, ìyàwó kékeré kan sọ pé ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí nílé ọkọ tí òun ń retí oyún. Òmíràn sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tí iyè rẹ̀ ti ra, tí kò mọ òun mọ́. Wọn kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Òwú ni a ń nà sí ara wa. Bí a bá ka àwọn tí ó sọ òtítọ́ ní rìtíríìtì náà, tí abẹ́ igi pọ̀ ju ti inú ilé lọ.

Ẹ tún rántí Dọ́káàsì ní Jópà. Ìṣe orí 9 kò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nígbà tí ó kú, àwọn opó dúró yí Pétérù ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi aṣọ tí ó rán fún wọn hàn án. Ẹ̀wù ni ó jẹ́rìí. A kò mọ bóyá ó rán an fún opó tí ó ń gbàdúrà dáadáa nìkan.

Ẹnì kan yóò sọ pé ibi tí obìnrin bá kó jọ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, òfófó kò ní pẹ́ dé. A kò ní jiyàn, a ti rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nílẹ̀ ìjọ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Kíláàsì tí à ń ṣe, gbèsè ni ó bí i. Ní Bristol ní ọdún 1742, wọ́n ń wá bí wọn yóò ti san gbèsè ilé ìsìn, wọ́n sì pín ara wọn sí méjìlá-méjìlá, kí olórí kan máa lọ gba pẹ́ní kan lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn olórí ti ń wọlé gba owó ni wọ́n ń rí bí àwọn ará ti ń gbé: ẹni tí ó ń mutí, ẹni tí ebi ń pa, ẹni tí ìbànújẹ́ ti borí rẹ̀. Wesley rí i pé èyí wúlò ju owó lọ. Kíláàsì kò sì lè dúró bí àṣírí inú rẹ̀ bá ń jáde. Nítorí náà, a ti fi ẹnu kò pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí ẹní kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ẹnikẹ́ni dé ilé. Ìdí nìyí tí a fi bi àwọn méjì òkè yìí kí a tó kọ ọ̀rọ̀ wọn, àwọn náà sì ní kí a kọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ. Màmá náà gbà. Ó ní kí a má gbàgbé láti kọ ti sódà.

Arábìnrin oníbàtà sùn ní ilé Màmá ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò bá ọkọ̀ Ìbàdàn lọ títí di ọjọ́ Ajé. A kò béèrè ohun tí wọ́n sọ. Ó ti kọ̀wé sí wa láti ìgbà náà pé òun fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí kan náà ní rìtíríìtì tí ń bọ̀, pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ilé, òun yóò sì dúró níbi tí bàtà já. Ìyá Ẹgbẹ́ ti gbà fún un. Màmá ní òun náà ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti sọ nípa ọmọ òun, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ òun.

Kí olúkúlùkù mú aṣọ funfun ọ̀pá márùn-ún wá, kí ó jẹ́ òwú gidi, nítorí aró kì í mú èyí tí ó ní rọ́bà nínú. Kí ẹ mú ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹní tí ó fẹ̀, ẹ bá wa gbé e dání, ti ọdún yìí kò kárí.